Ẹ̀yìn tí oorun ń dá lóró, tí iṣẹ́ ń tù lára

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa. Káfíńtà ni mí ní Ẹ̀pẹ́, ọmọ ọdún 27. Ó ti lé ní ọdún 3 tí ìbàdí ti ń ro mí. Tí ilẹ̀ bá ti ń lọ bí aago 4 ìdájí, ìrora á jí mi, mi ò sì ní lè sùn mọ́ àfi tí mo bá dìde rìn káàkiri. Tí mo bá ń kírun Àsùbáà, ẹ̀yìn mi á gan, mi ò lè ṣe rúkúù tó dáa. Ṣùgbọ́n kí ìrun Àílà tó tó, mo ti ń fá pákó bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Màmá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, torí mo fẹ́ràn ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀gá mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí láàárọ̀. Mo ya ẹ́síréè, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Dókítà kan wá ní ó jọ ankylosing spondylitis, àìsàn tó ń mú ọ̀pá ẹ̀yìn gan, ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ HLA-B27. Mo yáwó ṣe é, èsì jáde pé mi ò ní in. Ṣé kò sí àìsàn lára mi nìyẹn? Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n lọ sinmi? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ojú ọ̀tún mi pọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní apòló ni."

Àbúrò mi, ohun tí o ní o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé yẹn ni mo kọ́kọ́ dì mú nínú lẹ́tà rẹ. Èkejì ni ti ìrun. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ gan ní Àsùbáà, tó wá rọ̀ kí Àílà tó tó, ti sọ nǹkan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò lè sọ fún mi. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú níbí, ó ti lé ní 20 ọdún, ẹ̀yìn ni mo sì ń fọwọ́ bà jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn. Mi ò lè ti inú lẹ́tà sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe ọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ láìfojú rí ọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé ohun tí o kọ bá ohun tí dókítà yẹn fura sí mu gan-an, àti pé èsì HLA-B27 tó wà lọ́wọ́ rẹ kò tíì dá ọ sílẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ti jẹ̀díjẹ̀dí kúrò lọ́nà, torí òun ló ti jẹ ọdún 3 mọ́ ọ lọ́wọ́. Mi ò bú màmá. Nílẹ̀ Yorùbá, ohun tó bá ti ń dun ènìyàn láti ìbàdí dé ìdí, jẹ̀dí là ń pè é, ṣúgà la sì ń dá lẹ́bi. Dé garéèjì èyíkéyìí ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ṣábó Ìkòròdú níbí ní kùtùkùtù, wàá bá àwọn ìyá alágbo tí ìgò wọn tò lọ gbọọrọ, ti jẹ̀dí, ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ti ibà, àwọn awakọ̀ á sì máa ní kí wọ́n po jẹ̀dí mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn fún àwọn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lẹ́nu ihò ìdí ni dókítà mọ̀ sí jẹ̀dí. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó lè yúnni, ó lè yọ síta téèyàn bá ń yàgbẹ́ líle. Kì í gan ẹ̀yìn ènìyàn, kì í sì í jí i láago 4 ìdájí. Ẹlẹ́rìndòdò lè ba eyín rẹ jẹ́, ó sì lè sún ọ dé ìdí ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń mú ẹ̀yìn rẹ gan. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ ní tirẹ̀, ọtí inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara fúyẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Ìrora náà ò kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀yìn tó ń dun káfíńtà torí iṣẹ́ ní ìwà tirẹ̀. O gbé pákó ọ̀mọ̀ tó wúwo lánàá, o gbọ́ tí nǹkan fà yọ ní ìbàdí, bó o bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń le sí i, tó bá di alẹ́ ó ti le kankan, tó o bá dùbúlẹ̀, ara tù ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó lè gan díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 tàbí 10, ó tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, o ti gbàgbé rẹ̀. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yọ́ wọlé láìní ọjọ́ kan pàtó tí o lè sọ pé ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti ju oṣù 3 lọ. O ò tíì pé 40 ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Oorun ló ń dá a lóró, pàápàá láti ìdajì òru lọ, ìrìn àti iṣẹ́ ló sì ń tù ú. Wá bi ara rẹ ní nǹkan méjì tí o ò kọ: ṣé ìrora náà máa ń wà nínú ìdí ọ̀tún lónìí, tó bá tún di ọjọ́ mìíràn kó bọ́ sí ti òsì? Ṣé gìgísẹ̀ máa ń dùn ọ́ tó o bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láàárọ̀? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sọ fún dókítà. Ọ̀gá rẹ tó ní ọ̀lẹ ni, sọ fún un pé ọ̀lẹ kì í jí láago 4 kó máa rìn káàkiri inú yàrá.

Mi ò gbọ́n ju ọ̀gá rẹ lọ nígbà kan. Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n mú ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ wá sọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 24, ìbàdí ń ro ó. Mi ò béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìdájí. Mo ní jíjókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ló fà á, pé dísìkì, ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ti yẹ̀. Mo ní kó dùbúlẹ̀ sórí fóòmù líle fún ọ̀sẹ̀ 6, kó má gbé nǹkan kan, kó má sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Ọjọ́ tó padà dé, mo pè é lẹ́yìn, kò lè yí ọrùn wò mí. Gbogbo ara ló fi yí, ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí àpótí aṣọ. Mo ṣì ń rí i títí dòní. Ó gbà wá ní oṣù 8 eré ìmáralé kí díẹ̀ tó padà nínú ohun tó sọnù, kò sì padà tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má gba ìmọ̀ràn ìsinmi yẹn, ẹni yòówù kó fún ọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rèé. Olúkúlùkù wa ló ní ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun náà kọjú ìjà sí ara tó ni wọ́n. Ibi tí okùn iṣan ti so mọ́ eegun ni wọ́n fẹ́ràn jù láti dáná sí, pàápàá oríkèé méjì tó so eegun ìdí mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi ihò kékeré méjì tó wà lókè ìdí rẹ. Ibẹ̀ á gbóná, á wú, á sì máa ro. Ìgbà tí ara bá dúró sójú kan ni ìrora àti gígan náà ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí òru fi ń le. Lẹ́yìn tí iná bá ti jó fún ọdún mélòó kan, ara á fẹ́ wo ojú ọgbẹ́ náà sàn, eegun tuntun ló sì máa ń fi dí i. Eegun á so mọ́ eegun láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí ọ̀pá ẹ̀yìn á fi rí bí oparun nínú fọ́tò ẹ́síréè. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń dé ibẹ̀, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ràn. Kì í ṣe àfiṣe. Ó wà nínú ìdílé àwọn kan ju ti àwọn mìíràn lọ, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò tíì rí gbòǹgbò rẹ̀ tán.

Wàyí o, HLA-B27. Àmì àjogúnbá kan ni, lára sẹ́ẹ̀lì. Ní 1973 ni wọ́n rí i pé ó bá àìsàn yìí rìn: láàárín àwọn òyìnbó tó ní àìsàn náà, nǹkan bí ẹni 8 tàbí 9 nínú 10 ló ní àmì yẹn. Látìgbà náà ló ti wọ ìwé ìmọ̀ ìṣègùn gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n láàárín àwa Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kéèyàn tó ní àmì náà, tó ní àìsàn tàbí kò ní. Ẹni tó bá fi í wá àìsàn yìí lára ọmọ Ẹ̀pẹ́ dà bí ẹni tó fi àwọ̀n olójú gbàǹgbà wá ẹja wẹ́wẹ́ nínú ọ̀sà. Tí kò bá rí nǹkan kan mú bọ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹja níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ní àmì náà pàápàá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ní àìsàn yìí láéláé. Ó dùn mí pé o yáwó ṣe é. Lóòótọ́, àìsàn náà fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín wa tó bó ṣe wà lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dókítà má tètè rántí rẹ̀. Èyí tó rántí rẹ̀ nítorí rẹ ṣe dáadáa, má jẹ́ kí èsì yẹn mú ọ padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ́síréè tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ náà, wo orí ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìbàdí nìkan ni wọ́n máa ń yà, wọn kì í ya oríkèé ìdí méjèèjì yẹn tààrà. Kódà bí wọ́n bá yà á, ohun tó ti bàjẹ́ lára eegun ni ẹ́síréè ń rí, eegun sì lè tó ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fi hàn. Ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara kọjá ti ẹ́síréè, ló lè rí iná náà nígbà tó ṣì ń jó. Owó rẹ̀ ga, mo mọ̀. Bí owó tí o ní bá jẹ́ ti ẹyọ àyẹ̀wò kan péré, MRI oríkèé ìdí ni mo máa fi ṣe bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, bí dókítà bá gbà pé ó tọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ESR àti CRP kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi hàn bí ara bá ń gbóná nínú, ṣùgbọ́n wọ́n lè dáa lára ẹni tó ń ṣàìsàn náà gan-an.

Ti ojú ni kò gbọdọ̀ dúró. Apòló sábà máa ń mú ojú méjèèjì, ó máa ń ní ipin, ará ilé á sì tún kó o. Tìrẹ mú ojú kan, ó sì tún padà wá. Tó bá jẹ́ pé ojú náà ń dùn ọ́ láti inú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, tí ìríran ṣú, tí kò sì ní ipin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ẹyinjú lọ́hùn-ún ni iná yẹn ti jó. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 4 tó ní àìsàn ẹ̀yìn yìí ló ń ṣe. Bó bá tún pọ́n báyìí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, kó o sì sọ fún un pé ẹ̀yìn ń ro ọ́. Má ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán omi ṣúgà tàbí ìtọ̀ sí i. Ó lè fọ́jú.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè mú ẹ̀yìn ọ̀dọ́ ro lọ́dọ̀ wa, dókítà ní láti yẹ̀ wọ́n wò kó tó dúró lórí ọ̀kan. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú eegun ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ènìyàn ń wúkọ́: ara á máa gbóná nírọ̀lẹ́, ó ń rù, òógùn ń bò ó lóru, ojú kan pàtó lẹ́yìn á máa dùn tí wọ́n bá kàn án, ó tiẹ̀ lè yọ síta bí iké. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá jẹ́ SS, orí eegun itan rẹ̀ lè ti kú, kó máa rò pé ìbàdí ni. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹsẹ̀ ń rọ ọ́, tàbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ láìmọ̀, tàbí abẹ́ rẹ kú tí o ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ilé ìwòsàn ni wákàtí yẹn, kì í ṣe ọ̀la.

Ní ti ìtọ́jú, eré ìmáralé ló ṣáájú oògùn, kì í ṣe torí pé iṣẹ́ mi ni. Oògùn á pa iná, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa fi ọwọ́ ara rẹ ṣí oríkèé náà sílẹ̀. Tó o bá jí, fi omi gbígbóná wẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká ti ògiri, kí o wá gbìyànjú kí ìpàkọ́ kan ògiri láìgbé àgbọ̀n sókè. Ó yẹ kó kàn án. Tí kò bá kàn án, ní kí ẹnì kan fi rúlà wọn àlàfo náà, kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yá téèpù télọ̀, torí irin ni ti káfíńtà, kò ní tẹ̀ yí ara ká. So ó mọ́ àyà níbi orí ọmú. Mí síta tán, wò ó. Wá mí sínú dáadáa, tún wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tìẹ yẹ kó fi nǹkan bíi 5 sẹ̀ńtímítà fẹ̀ sí i. Tí kò bá tó 2.5, egungun ìhà ti ń gan nìyẹn. Oṣooṣù ni kó o máa wọ̀n ọ́n, ìwé yẹn á wúlò fún dókítà rẹ gan-an.

Lójoojúmọ́, wá ìṣẹ́jú 30. Yí ọrùn sí ọ̀tún àti òsì, tẹ ẹ̀gbẹ́, nà apá sókè, mí kanlẹ̀. Tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé, dojú bolẹ̀ lórí ẹní fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ibàdí àti itan nà. Ìrọ̀rí kan tó tẹ́ pẹlẹbẹ ti tó fún orí lóru, fóòmù tó le díẹ̀ sì dára ju èyí tó ń rì lọ. Bó o bá mọ omi í wẹ̀, ọ̀sà wà nítòsí yín. Òun náà dára gan-an. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á nira, má tìtorí ẹ̀ dá a dúró. Sìgá, tó o bá ń mu ún, dá a dúró pátápátá. Ó ń mú kí eegun tètè so pọ̀.

Nínú oògùn, àwọn bíi naproxen, diclofenac, ibuprofen àti celecoxib ni dókítà máa ń kọ́kọ́ lò, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ̀yìn bá rọ̀ ọ́ dáadáa láàárín ọjọ́ 1 tàbí 2 tí o lò ó, ìyẹn náà wà lára àmì tí dókítà ń wá. Ẹyọ ẹ̀yà kan ṣoṣo ni kó o lò lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn oúnjẹ, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ọ. Ó lè dá egbò sí ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Bí ìgbẹ́ rẹ bá dúdú bí ọ̀dà, dá a dúró kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn. Má fi àgbo kún un. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù ni àwọn oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré láìní orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní dexamethasone tàbí prednisolone nínú. Ara á yá gágá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú á wú rọ̀gbọ̀tọ̀, ṣúgà á gòkè, eegun tó ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ á tún wá rọ bí igi tí ikán ti jẹ. Kì í ṣe oògùn ẹ̀yìn yìí.

Bí oríkèé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá wú, dókítà lè fi sulfasalazine kún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kan fún ọ̀pá ẹ̀yìn. Tí àwọn oògùn àkọ́kọ́ kò bá ràn ọ́ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ tuntun wà tó ń dá àwọn ọmọ ogun yẹn dúró, bí adalimumab, etanercept àti secukinumab. Wọ́n dára gan-an, mo ti rí ẹni tó fi wọ́n padà sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́: owó wọn kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mò ń tọ́jú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn ẹ̀dọ̀ B wò lára rẹ kí wọ́n tó fún ọ, torí àwọn abẹ́rẹ́ náà lè jí àrùn tó ń sùn. Kò sí oògùn kankan tó ń wò ó sàn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n sì ń dàgbà.

Nípa iṣẹ́ rẹ, má fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń mú ọ rìn dára fún ọ ju èyí tí wàá jókòó sí láti òwúrọ̀ dalẹ́ lọ. Gbé tábìlì iṣẹ́ ga kó tó ìwọ̀n ìbàdí, kí o má baà máa tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ lé pákó lórí. Jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ bá ọ gbé èyí tó wúwo. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 tàbí bẹ́ẹ̀, dìde nà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ tàbí kó já ọrùn rẹ kí ó dún, ìbáà ṣe nílé oníṣègùn eegun, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ń fi í kún irun gígẹ̀. Ẹ̀yìn tó ti so pọ̀ lè kán níbi tí ti ẹlòmíràn á ti kàn dùn lásán. Bákan náà ni ọ̀kadà nínú kòtò. Tó o bá ṣubú, bó ti wù kó kéré tó, tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn wá ń dùn ọ́ lọ́nà tí kò ṣe tẹ́lẹ̀, má dìde gìrìgìrì. Kí wọ́n gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti máa yà á.

Igbóbì, ilé ìwòsàn eegun ní Èkó, ni gbogbo ènìyàn á máa sọ fún ọ pé kó o lọ, torí ọ̀rọ̀ eegun ni. Ibi rere ni, ṣùgbọ́n dókítà làkúrègbé lo nílò kọ́kọ́, kì í ṣe ti eegun tó kán. Wọ́n wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà. Bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́, ní kí wọ́n kọ ìwé fún ọ lọ síbẹ̀. Mú fíìmù ẹ́síréè fúnra rẹ̀ dání, kì í ṣe ìwé èsì nìkan, mú èsì HLA-B27 náà dání, kí o sì kọ àwọn ọjọ́ tí ojú rẹ pọ́n sórí ìwé kan. Tí wọ́n bá béèrè ohun tó ń ṣe ọ́, má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbàdí. Sọ ti aago 4 fún wọn, àti ti Àsùbáà àti Àílà.